INÚ Ọ̀NÌ GBÓNÁ O! OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ AJAH

Àwọn àgbà ló sọ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi akọ̀ròyìn yín ti wá rí ẹranko tó ju alángbá lọ. Ọ̀nì ni. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, ó la ẹnu sílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ gbé dánfó mì. Inú tí mo sì ń wí yẹn, mo wọ ibẹ̀ fúnra mi. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

DÁNFÓ GBÉ MI DÉ AJAH

Ọbáléndé ni mo ti wọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Kọ́ńdọ́ ń pariwo, "Ajah rèé o! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o, mi ò ní ṣéńjì!" Mo fún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lé itan. Títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tí à ń gbà yìí, láyé ìjọba Lateef Jákándè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni wọ́n là á.

Bí ẹ bá wo ilẹ̀ yìí dáadáa, àárín omi méjì ló wà. Òkun wà lápá gúúsù, ọ̀sà wà lápá àríwá. Iṣẹ́ ẹja ni iṣẹ́ wọn látayébáyé. Kò sí bí èèyàn ṣe máa sọ ìtàn Ajah tí kò ní dárúkọ ìdílé Olúmẹ́gbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun ilẹ̀ Èkó. Àbàtà pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, inú àbàtà sì ni ilé ọ̀nì. Lónìí, iyanrìn ni wọ́n ń kó dí àbàtà, ẹ́sítéètì ni wọ́n ń kọ́ lé e lórí. Bí òjò bá wá rọ̀, omi á máa wá ilé rẹ̀ àtijọ́ kiri nínú pálọ̀ onípálọ̀.

Ká tó dé Ajah la kọjá Lekki Conservation Centre, ọgbà igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀bọ ń fò lórí igi níbẹ̀, ọ̀nì náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so afárá kan mọ́ òkè igi tó gùn ní mítà 401, tí àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹyẹ. Mo sọ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé ọ̀nì ni mo ń lọ wò. Ó ní, "Ṣé ibí yìí lo máa sọ̀ ni?" Mo ní rárá, ti èmi wà ní Ajah, aṣọ ni wọ́n fi rán an. Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?"

Mo sọ̀ lábẹ́ bíríjì Ajah. Háà! Ariwo! Àwọn kan ń pe Badore, àwọn kan ń pe Sangotedo, àwọn kan ń pe Ẹ̀pẹ́. Ẹja tútù níbí, aṣọ òkìríkà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ń fi gbohùngbohùn kígbe lé wa lórí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá gba ọ̀nà Badore, mo bá Màmá Télọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

ÍNṢÌ KAN NÍNÚ ỌMỌ, ẸSẸ̀ BÀTÀ KAN NÍNÚ ÌYÁ

Obìnrin Ìlàjẹ ni Màmá yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, apẹja ni bàbá rẹ̀. Aṣọ ìyàwó àti yúnífọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ló ń rán jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó máa ń ṣe ijó òpópónà lóṣù Dìsẹ́ńbà ló bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn ṣe ẹranko ńlá kan tí yóò máa ṣáájú ijó. Ilẹ̀ ni mo bá a, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya nǹkan gbọọrọ.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Ó ní, "Òo, akọ̀wé. Má tẹ ìrù ẹ̀ mọ́lẹ̀ o."

Mo bèèrè ìdí tó fi jẹ́ ọ̀nì. Ó ní kìnnìún làwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fẹ́. "Mo bi wọ́n pé ta ló rí kìnnìún rí ní Ajah? Bàbá mi ò bá kìnnìún pàdé rí nínú ọ̀sà. Ọ̀nì ló ń já àwọ̀n ẹ̀. Tí ọmọ Ajah bá máa jó tẹ̀lé ẹranko, kó jó tẹ̀lé èyí tó ni ilẹ̀."

Ó mú nǹkan kékeré kan jáde látinú àpótí. Ọ̀nì ni, páálí ló fi gé e, ìnṣì méjìdínlógún. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe é nìyẹn: kékeré ni òun kọ́kọ́ ń ṣe, òun á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, òun á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, òun á wo ibi tó ti fẹ́ já. Tó bá ti tẹ́ òun lọ́rùn, ínṣì kan nínú ọmọ á di ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ìyá. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ ju téèpù ìwọnṣọ lọ. Àwọn tó bá gbójú lé ojú lásán, ìgbà tí wọ́n bá ti gé aṣọ tán ni wọ́n máa ń mọ̀ pé orí ti tóbi jù, ẹranko ò ní lè gbé e.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èèyàn méjì ló máa wà nínú ọ̀nì náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ wọn lè pé mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, Màmá kọ̀. Ó ní, "Ọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà? Kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín?" Ìrù tó gùn yẹn, táyà kékeré méjì tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ló so mọ́ ọn, ó ń wọ́ tẹ̀lé wọn nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

PÀǸKẸ́RẸ́ NI EGUNGUN, ÀJÁKÙ ANKARA NI AWỌ

Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe egungun ọ̀nì. Pàǹkẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, èyí tí tíṣà fi ń nà wá nílé-ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù omi mọ́jú, ó rọ̀, ó ká a roboto bí ẹnu agbọ̀n. Òrùka mọ́kànlá ló ká, ńlá láàárín, kékeré lọ síhà ìrù. Ó fi pàǹkẹ́rẹ́ gígùn mẹ́rin so wọ́n pọ̀. Kò kan ìṣó kankan. Rọ́bà inú táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi dè é, nítorí ìṣó máa ń la pàǹkẹ́rẹ́, rọ́bà sì máa ń fún un mọ́ra, síbẹ̀ á jẹ́ kó mira.

Ibi ìgbérù ni mo ti rí ọgbọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa mọ òṣùká. Òṣùká ni kì í jẹ́ kí ẹrù pa orí. Màmá ya okùn àpò ìléèwé àwọn ọmọ, ó fi fóòmù sí i, ó gbé e kọ́ èjìká ẹni tó wà nínú ọ̀nì. Ó wá fi bẹ́líìtì gbọọrọ kan de ìdí onítọ̀hún. Ó ní, "Èjìká máa ń tètè rẹ èèyàn. Ìdí ló lágbára. Ṣé o ò rí ìyá tó pọnmọ rìn láti Badore dé Ajah? Ìdí ló fi gbé e, kì í ṣe ọrùn."

Ti awọ wá ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wá. Màmá dá a padà. Ó ní kápẹ́ẹ̀tì wúwo, tí òjò bá tún pa á, ó di òkúta. Ó rán ọmọ kiri ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀, wọ́n kó àjákù ankara wá, èyí tó bá ti ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú. Ó gé wọn bí ààbọ̀ òṣùpá. Ó rán wọn mọ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní ìlà ní ìlà, bíi páànù orí ilé, ọ̀kan gun orí èkejì. Etí òkè nìkan ló rán, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nì bá ti ń rìn, àwọn ìpẹ́ yẹn á máa ṣí, á máa pa dé, afẹ́fẹ́ á sì máa wọlé. Ẹni tó wà níta á rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó wà nínú mọ̀ pé imú ni.

Níbi tí oríkèé bá wà, ọrùn, itan àti ìdí ìrù, ó fi aṣọ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ìrépé tí ẹ̀yin télọ̀ ń fi sábẹ́ apá bùbá kí apá lè gbé sókè náà ni. Ẹranko tí aṣọ rẹ̀ bá fún pinpin, kò lè yí, ńṣe ni yóò máa rìn bí pósí. Eyín, kẹ́ẹ̀gì funfun ló gé. Ojú, ìdérí ike méjì tí wọ́n kùn ní yẹ́lò. Ẹnu, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere ló fà wọ inú, ẹni iwájú á tẹ̀ ẹ́, ọ̀nì á ya ẹnu gbàgà! Ọ̀nà ọ̀fun ọ̀nì, nẹ́ẹ̀tì dúdú ni, ibẹ̀ lẹni iwájú ti ń ríran. Ẹni ìta ò lè rí i, òun sì ń rí gbogbo wa.

ERIN ONÍRIN

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ṣì ń rò ti ẹni tó wà nínú rẹ̀ púpọ̀ o." Ó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn, fẹ́ polówó ọjà. Wọ́n fẹ́ erin. Wẹ́dà ni wọ́n gbé e fún, ó fi irin ṣe egungun rẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ fún Màmá, aṣọ dúdú tó nípọn, wọ́n ní kó bò ó délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó ní, "Mo bèèrè pé níbo ni wọ́n ti máa mí? Wọ́n ní ìyẹn ò kàn mí, kí n rán aṣọ. Mo rán an. Owó ni mò ń wá, mi ò lè parọ́."

Ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni wọ́n háyà kó wọ inú erin náà. Ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, wákàtí kan gbáko. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Àwọn ọmọdé ń fa ìrù. Ìgbà tó yá, erin kúnlẹ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní erin ń kí àwọn! Erin wá dojú délẹ̀, àtẹ́wọ́ ò dáwọ́ dúró.

Màmá ní, "Èmi ni mo fi àlàfọ̀ ya aṣọ. Mo ti rán an dáadáa jù, kò tètè ya." Wọ́n fa ọmọ jáde, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò, kò lè sọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n dà lé e lórí, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ó yè. Lónìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Owó tí wọ́n fún un ọjọ́ náà kò tó owó ọsibítù. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti búra pé ẹranko yòówù tí òun bá rán, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀.

ÀWỌN BÀBÁ WA ÀTI ÀWỌN ÀJÒJÌ

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹranko aláṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn apidán nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń fi aṣọ di erè, wọ́n ti ń fi í di ọ̀nì lójú agbo látayébáyé. Àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil láàárín 1800 sí 1900 gbé eré màlúù tiwọn wá sí Èkó. Títí dòní, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́ àti Ouidah, nílẹ̀ Benin, ṣì ń ṣe é, Bourian ló ń jẹ́. Igi àti aṣọ ni màlúù ọ̀hún. Ní Mali, àwọn Bambara máa ń gbé ẹranko ńlá jáde, koríko àti aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó.

Màmá fi fọ́tò kan hàn mí nínú fóònù. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, agbo ẹranko kan kọjá ní Èkó, The Herds ni wọ́n ń pè é. Páálí àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n tóbi bí ẹranko gidi. Kinshasa ní Kóńgò ni wọ́n ti gbéra, wọ́n ń lọ sí òkè àríwá ayé níbi tí yìnyín wà, ní Norway. Ìrìn ọ̀hún tó 20,000 kìlómítà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé ti ń gbóná jù, àwọn ẹranko ń sá kúrò nílé. Ẹgbẹ́ Ukwanda láti Cape Town ní South Africa ló ṣe iṣẹ́ ọnà wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n bá dé ní bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ìlú Cape Town kan náà ni ẹgbẹ́ Handspring wà, àwọn tó ṣe ẹṣin Joey fún eré War Horse ní London lọ́dún 2007. Pàǹkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ká egungun ẹṣin ọ̀hún! Èèyàn mẹ́ta ló ń darí rẹ̀, ọ̀kan nídìí orí, ọ̀kan láyà, ọ̀kan lẹ́yìn.

Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pàǹkẹ́rẹ́ wọ London, èmi ò tíì dé Ìbàdàn."

Ohun tí Màmá rí nínú fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó ní, "Wo ojú wọn. Àwọn tó gbé e, ojú wọn wà níta. Wọn ò fi wọ́n pamọ́. Síbẹ̀, ṣé o ò rí i pé ẹranko náà ń jọ ẹranko?"

EÉGÚN YÀTỌ̀, Ọ̀NÌ YÀTỌ̀

Mo wá bèèrè ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ṣebí tí eégún bá jáde, a kì í sọ pé èèyàn wà nínú aṣọ?"

Ó gbójú sókè. "Ará ọ̀run ni eégún. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó gbóná, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ní àwọn tó ń bójú tó o nígbàlẹ̀. Eléyìí kì í ṣe ará ọ̀run. Ọmọ èèyàn ni, ọmọ ìyá kan ni, ó jẹ ẹ̀bà kó tó wá. Ibi tá a ti ṣìnà nìyẹn. Bá a ṣe ń dákẹ́ fún eégún la ṣe ń dákẹ́ fún erin onírin. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kí n di aláṣọ dúdú."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju ohun gbogbo lọ.

MO WỌ INÚ RẸ̀

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ọ̀nì jáde. Màmá ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó wọ iwájú. Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ fẹ́ wọ ẹ̀yìn, Màmá ní ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dùn ún, kí akọ̀wé wá. Mo ní, "Èmi?" Ó ní, "Ṣé ẹni tó máa kọ̀wé nípa ọbẹ̀ kò ní tọ́ ọ wò ni?"

Mo wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú gbogbo ìpẹ́ tó ń mí yẹn, ó gbóná! Òógùn bọ́ sí mi lójú, mi ò lè nù ún, ọwọ́ mi méjèèjì di pàǹkẹ́rẹ́ mú. Ẹ̀yìn Màmá nìkan ni mò ń rí. Nígbà tó bá ní "ọ̀tún", mo yà sí ọ̀tún. A rìn dé ìkóríta, a padà. Àwọn ọmọdé ń pariwo, "Ọ̀nì! Ọ̀nì!" Ẹnì kan fi ọ̀pá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rò pé fóòmù ni, egungun ìhà mi ni!

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi pọ́ọ̀wọ̀tà wà lápá rẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti pé, fèrè dún, ọ̀nì dúró, àwọn méjì jáde, àwọn méjì mìíràn wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìyẹn máa ba eré jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó tó ìdajì wákàtí. Màmá ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé kìnnìún wọn wá. Wọ́n gbà.

Nígbà tí mo jáde, mo mu pọ́ọ̀wọ̀tà mẹ́ta láìmí. Màmá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń bi mí pé níbo ló ti fún mi jù. Mo ní abẹ́ apá. Ó tú u, ó fi ìrépé aṣọ kún un. Bó ṣe rán ọ̀nì náà látòkè délẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wọ ọ́, á sọ ibi tó ti ń dùn ún, Màmá á tú u, á tún un rán.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ẹranko ńlá tó ń jó lóde lóṣù Dìsẹ́ńbà, yálà ní Ajah ni o, ní Ìkòròdú ni o, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ bèèrè pé, "Ọmọ, ṣé ara ẹ yá níbẹ̀?" Tí kò bá dáhùn, ẹ má rò pé eré ni. Ẹ ké sí ẹni tó gbé fèrè dání. Bí kò bá sì sí ẹni tó gbé fèrè dání, ẹ̀yin ni onífèrè.

Ẹ̀yin télọ̀, tí wọ́n bá gbé aṣọ wá tí wọ́n ní ìyẹn ò kàn yín, ó kàn yín o. Abẹ́rẹ́ yín ló máa pinnu bóyá ọmọ náà á mí.

Tí ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ti gbé irú ẹranko báyìí rí, tàbí tó mọ ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí inú rẹ̀ tutù, kó kọ lẹ́tà sí wa lójú ewé yìí. Mo ti ṣèlérí fún Màmá Télọ̀ pé màá ka gbogbo rẹ̀ sí i létí.